Èjìká Òsì Alárù Pákó

Àwọn alárù tó ń ru pákó ní ilé ìlagi kan ní àṣà kan: èjìká òsì ni gbogbo wọn fi ń gbẹ́rù. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń di irin ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù mú bí wọ́n bá ń gùn ún, nítorí náà òsì ló ń jẹ gbogbo ìyà. Bí ara èjìká òsì ẹni tuntun bá ti yi, tó le bíi gìgísẹ̀, wọn á ní ó ti joyè. Ọkùnrin tí à ń sọ yìí ti joyè tipẹ́. Èjìká Irin ni wọ́n ń pè é, ó sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ìyá Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Yàrá kan ni àwọn méjèèjì ń gbé, maṣíìnì rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, àkísà aṣọ sì máa ń wà káàkiri ilẹ̀. Lálaalẹ́, bí ọkọ bá ti wẹ̀ tán, á jókòó sórí àpótí, á kọ ẹ̀yìn sí ìyàwó, ìyàwó á sì fi ìpara gbígbóná ra èjìká fún un. Àtàǹpàkò rẹ̀ mọ ojú ibi tí iṣan ti ta kókó lẹ́yìn èjìká náà, bí ẹyọ ẹ̀wà kan lábẹ́ awọ. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ọkùnrin tó ń fi pákó ṣeré látàárọ̀ á ké bí ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́.

"Ibẹ̀ gan-an nìyẹn," á ní.

Ìyàwó á rẹ́rìn-ín, á ní òun ò mọ̀ pé irin máa ń sunkún. Ìfẹ́ tiwọn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì kéré lójú àwọn méjèèjì.

Wọ́n mọ ìrora yẹn bí ẹni mowó. Bó bá gbé apá sókè, á dùn ún. Bó bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, á dùn ún. Bó bá sinmi lẹ́nu iṣẹ́, á rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó kọ hàà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé èjìká òun tún ti dé o. Kí ló tún lè wà lára èjìká alárù bí kò ṣe pákó?

Ṣùgbọ́n èyí tó dé lọ́tẹ̀ yìí kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Bó bá ń gòkè bọ̀ wálé, lọ́wọ́ òfìfo, láìru nǹkan kan, ni nǹkan á fún un mọ́ láyà, á gba èjìká òsì, á sọ̀ kalẹ̀ sí apá, á sì gùn dé àgbọ̀n. Á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri onílé bí ẹni tó ń wo nǹkan. Bó bá ti sinmi díẹ̀, á lọ. Ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kúkúrú, gbà á nímọ̀ràn pé kó máa fi èjìká ọ̀tún gbé e fúngbà díẹ̀. Ó gbà. Àwọn yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè. Òsì ò gbẹ́rù mọ́, síbẹ̀ ìrora òsì ò sinmi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọlé pẹ̀lú òógùn tútù lójú, ojú rẹ̀ rí bí eérú. Ìyá Aránṣọ ò tiẹ̀ jẹ́ kó wẹ̀ tó fi mú ìpara. Ó wá kókó náà dé ibi tó mọ̀ ọ́n sí, ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ ò ké. Ó tún tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

"Ṣé kò dùn yín ni?"

"Kò dùn mí níbẹ̀ yẹn. Inú lọ́hùn-ún ló wà."

Ó ní kó gbé apá sókè. Ọkọ gbé e bí ẹni tó fẹ́ sáṣọ, kò dùn ún rárá. Inú ìyàwó wá dùn. Kókó ti yọ́, ó ní, ọwọ́ òun ti ṣẹ́gun rẹ̀, èyí tó kù ò ju àárẹ̀ lásán lọ. Òótọ́ ni kókó náà yọ́, èjìká tó sinmi ló yọ́ ọ. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Àìsàn kan ń lọ, òmíràn sì ti jókòó sí àyè rẹ̀, èjìká kan náà sì ni wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀. Ọkọ gbà á gbọ́, torí ọwọ́ obìnrin yẹn ò tíì purọ́ fún un rí. Kò lè jẹun tán, ó ní èébì ń gbé òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ síbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan sì wá wọn aṣọ tó fún Ìyá Aránṣọ rán, obìnrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu nípa àtàǹpàkò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bi í bó bá máa ń dùn ún nígbà tó bá gbápá, ó bi í nípa òkè, nípa òógùn, nípa àgbọ̀n, obìnrin náà sì ń sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un.

"Ìyá, ìrora iṣan sábà máa ń dáhùn téèyàn bá tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Èyí ò dáhùn. Èyí tó ń wá téèyàn bá ń gòkè, tó ń lọ téèyàn bá dúró, ọkàn ni. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí, ẹ má jẹ́ kó dọ̀la."

Ìyá Aránṣọ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú aṣọ, ó sáré jáde.

Ilé ìlagi dákẹ́ nígbà tó débẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ọkọ rẹ̀ sórí pákó, àwọn alárù sì yí i ká, wọ́n ń ra èjìká òsì rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Kúkúrú ló ń rà á jù, omijé wà lójú rẹ̀. Kò sí èyí tó fẹ́ ibi fún un nínú wọn. Ìyàwó ní kí wọ́n fi èjìká sílẹ̀, kí wọ́n wá ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ rí i, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Wọn ò rí ojú ibẹ̀," ó ní. "Ìwọ bá mi wá a."

Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó ti ń kún fún pákó látàárọ̀ ni wọ́n gbé e sí. Wọn ò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tó fi kú. Dókítà ní ọkàn ni, pé ká ní ó dé lálẹ́ àná ni, bóyá àwọn ì bá rí nǹkan ṣe. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, àmọ́ ó wọ obìnrin náà lára bí ọ̀bẹ.

Ó pẹ́ kó tó lè fọwọ́ kan ìpara yẹn mọ́. Ọjọ́ tó fọwọ́ kàn án, Kúkúrú ló wá bá a. Ó ní èjìká òsì ń dùn òun, ẹ̀rù sì ń ba òun. Ìyá Aránṣọ ní kó jókòó sórí àpótí. Ó wá kókó, ó rí i, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ibẹ̀ gan-an nìyẹn, ìyàwó wa," Kúkúrú ké, bí olóògbé ṣe máa ń ké.

Obìnrin náà ní kó ṣì lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, torí àtàǹpàkò kì í ṣe dókítà. Kúkúrú ní òun á lọ, ó fẹ́ dìde. Obìnrin náà ò gbọ́wọ́ kúrò. Ó tún tẹ kókó náà.

"Tún un sọ," ó ní.