Ògiri Olójú Ilé Sáyẹ́ǹsì

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ èébú tẹ́ ẹ ò gbọ́ rí, ẹ lọ bi Múdàṣírù bíríkìlà ní Máfolúkù léèrè ọ̀rọ̀ ilé sáyẹ́ǹsì yunifásítì. Ìgbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni wọ́n kọ́ ilé náà. Olúbọ̀wálé tó ya àwòrán rẹ̀ ní òun ò fẹ́ kí oòrùn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí wọ́n ti ń po kẹ́míkà, òun ò sì fẹ́ kí èéfín há mọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù olójú mọ ògiri iwájú, kí atẹ́gùn lè máa gbabẹ̀ wọlé.

Múdàṣírù ló mọ àwọn búlọ́ọ̀kù náà l'Ókè-Àfà, ojú wọn rí roboto, etí wọn ń dán. Níwájú ògiri yẹn ló ti fún Mísbáù, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ní fírídọ̀mù. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ọ̀gá gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Múdàṣírù kò kàwé. Ògiri yẹn nìkan ló fi ń yangàn l'Ékòó.

Kò pẹ́ tí owó epo fi di àgbàrá. Àwọn ọ̀gá yunifásítì ra èèàkọ́ńdíṣọ̀n sí gbogbo yàrá, wọ́n ní kí wọ́n dí ojú ògiri pa kí òtútù má bàa jò. Ní ibùdókọ̀ Bọ́ládé ni Múdàṣírù ti gbọ́. Ó dijú mọ́rí, ó wọkọ̀, kò tiẹ̀ dágbére fún Ìsíátù ìyàwó rẹ̀.

Ta ló bá lórí àkàbà? Mísbáù, tó ti di agbaṣẹ́ṣe.

"Ìwọ Mísbáù! Níbi tí mo ti ṣàdúrà fún ẹ?"

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Tí mi ò bá ṣe é, ẹlòmíì á ṣe é."

"Kí ẹlòmíì ṣe é nígbà yẹn! Aláìmoore!"

Ọ̀gá tún wo ògiri náà, inú wá bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbágungbàgun ni Mísbáù rẹ́ ẹ, iyanrìn pọ̀ ju sìmẹ́ǹtì lọ, ó ń já bọ́ sílẹ̀. Múdàṣírù já ṣíbí ìrẹ́lé gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tẹ́ ẹ bá máa sin ín, ẹ sin ín bí òkú ọmọlúàbí. Sọ̀ kalẹ̀ fún mi!"

Ó gun àkàbà. Ojú búlọ́ọ̀kù kan ṣì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, atẹ́gùn ń gbabẹ̀ fẹ́ sí i lójú. Múdàṣírù ṣépè fún owó epo, ó bu sìmẹ́ǹtì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dí i.