Igi Àgbáyun Ẹ̀yìnkùlé Wa

Dókítà ti ní kí n jìnnà sí ṣúgà, n kò sì bá a jiyàn. Bí mo bá rí àgbáyun rà lọ́jà, màá jù ú sẹ́nu, màá fi ra ahọ́n dáadáa, màá tu kóró rẹ̀ dànù, kí n tó gbé ògì kíkan mu. Á wá dùn bí ẹni pé wọ́n da oyin sí i. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní idán ni. Ọwọ́ ìyá ọkọ mi ni mo ti kọ́ idán ọ̀hún, nígbà tí à ń gbé ní Agége, tí ọ̀pọ̀ Ìkẹjà ṣì jẹ́ igbó. Áà, ayé ìgbà náà ń wù mí!

Ibà dá Màmá dùbúlẹ̀ lọ́dún kan. Ibà lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ kọ̀ wọn. Ohunkóhun tí mo bá gbé wá, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹnu mi ò gba nǹkan kan, ìyàwó."

Mo ní kí n fi ṣúgà sí ògì wọn, wọ́n jágbe mọ́ mi: "Ṣé jẹ̀díjẹ̀dí lo fẹ́ fi pa mí ni?"

Eegun èjìká wọn ti yọ síta. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní yè é. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní kí n ká àgbáyun wá lórí igi ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n lá a, wọ́n mu ògì tán, wọ́n tún béèrè ọsàn kíkan. Láti ọjọ́ náà ni ara wọn ti ń bọ̀ sípò.

Ọkọ mi wà lára àwọn tó ń ṣánko ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ sí. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi dé ẹ̀yìnkùlé wa. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ nítorí igi yẹn, ọ̀gá fi í rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e. Ó gbé àwọn ẹ̀ka tó ní èso wálé, ṣùgbọ́n àgbáyun kì í pẹ́ bàjẹ́. Nígbà tí Màmá lá èyí tó gbẹ̀yìn tán, ọkọ mi kò lè wojú ìyá rẹ̀ mọ́. Oúnjẹ tèmi gan-an kò jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ògì lásán fún Màmá. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, àdá lọ́wọ́, ó ń wò wọ́n. Wọ́n gbé abọ́ náà sẹ́nu, wọn ò fajú ro rárá.

"Ó ṣì ń dùn," ni wọ́n wí. "Àgbáyun àná kò tíì kúrò lẹ́nu mi. Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ, ọmọ mi."

Ojú ọkọ mi tú ká. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jáde.

Adùn àgbáyun kì í sùn mọ́jú lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo tọ́ èyí tó kù nínú ìkòkò wò: ó kan débi pé ojú mi pa dé. Nígbà tí mo là á, Màmá ti na abọ́ òfìfo sí mi.

"Ìyàwó, bù sí i."