Ọmọkùnrin Orí Òrùlé nínú Sinimá Béèsìbọ́ọ̀lù

Béèsìbọ́ọ̀lù ò yé mi. Níbi tí mo dàgbà sí n'Íbàdàn, ẹsẹ̀ la fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá sì gbá a wọlé ti jẹ nìyẹn. Àkọ́bí mi obìnrin ló fẹ́ràn eré tí wọ́n ń fi igi gbá yìí láti kékeré. Tí a bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wòran ní Wọṣíńtọ́ọ̀nù, òun ló máa ń ṣàlàyé fún mi: ìdí tí ẹni yìí fi sáré, ìdí tí tọ̀hún fi dúró. Màá máa mi orí bí ẹni pé ó yé mi. Inú rẹ̀ máa ń dùn, ìyẹn ló jẹ mí lógún.

Lọ́dún tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, nǹkan kan yí padà lára rẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ lójijì. Ó kọ́kọ́ fi eré ilé ìwé sílẹ̀, ó ní ó rẹ òun. Lẹ́yìn náà, kò wá sídìí tábìlì oúnjẹ mọ́. Nígbà tó yá, tí ìyá rẹ̀ bá jí i láàárọ̀, á kọjú sí ògiri. Dókítà ní ìsoríkọ́ ni, ó fún un lóògùn, obìnrin kan tó ń gba irú wọn nímọ̀ràn sì ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Nọ́ọ̀sì ni èmi àti ìyá rẹ̀. A mọ orúkọ àìsàn náà, a mọ oògùn rẹ̀, a mọ ohun tó yẹ ká máa ṣọ́. Ṣùgbọ́n tí ọmọ ẹni bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò fọhùn, gbogbo ohun tí ìmọ̀ lè ṣe fúnni ni pé ẹ̀rù á tètè bani ju ẹlòmíràn lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ìyá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, èmi sì ń ká aṣọ tó ti gbẹ ní pálọ̀ ilé wa ní Glenn Dale, nítòsí Wọṣíńtọ́ọ̀nù. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, ó jókòó, ó tan tẹlifíṣọ̀n. Mò ń ká aṣọ mi lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá sọ̀rọ̀, á padà sókè. Sinimá àtijọ́ kan ló bá pàdé, dúdú àti funfun, èyí tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tó rí i pé béèsìbọ́ọ̀lù ni, kò yí i kúrò. Mo gbé aṣọ sílẹ̀, mo jókòó tì í.

Ìtàn inú rẹ̀ kò ṣòro. Ọmọkùnrin kan ni, bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ó ń jalè, ó ń fọ́ wíńdò, wọ́n lé e nílé ìwé. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ràn láyé ni agbábọ́ọ̀lù kan tí ọjọ́ orí ti ń lé kúrò lórí pápá. Ọmọ náà fi í sọ́kàn pé bí ọkùnrin yìí bá lè gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lọ́jọ́ ìdíje tó kẹ́yìn, ayé òun náà á dára. Ọjọ́ pé. Ọkùnrin náà fì igi, kò kan bọ́ọ̀lù. Ó tún un fì, ó tún un fì, afẹ́fẹ́ ló ń gbá. Ni ọmọ náà bá gun òrùlé pápá ìṣeré lọ, ó dúró sí etí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sílẹ̀.

Mo fẹ́ pa tẹlifíṣọ̀n náà, ṣùgbọ́n rìmóòtù wà lọ́wọ́ ọmọ mi.

Agbábọ́ọ̀lù yẹn gun òkè tẹ̀ lé ọmọkùnrin náà, tòun taṣọ eré lọ́rùn. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ó sọ nǹkan kan fún un. A rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì, àmọ́ ariwo èrò ìsàlẹ̀ bo ohùn rẹ̀. Ọmọ náà wò ó títí, ó na ọwọ́ sí i, wọ́n sì jọ sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ mi dá a padà sẹ́yìn, ó tún un wò. Ó tún dá a padà, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ariwo náà la tún gbọ́.

"Dádì, kí lẹ rò pé ó sọ fún un?" Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi mí, bó ti máa ń ṣe, èmi ni mò ń sọ ọ́ di Yorùbá níbí.

Mo ní mi ò mọ̀.

"Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà lórí òrùlé yẹn ńkọ́? Kí lẹ máa sọ?"

Ohun tí wọ́n kọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ni mo rántí, pé ká má fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́, ká bi ènìyàn ní tààrà.

"Ṣé ò ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ?"

Kò wo ojú mi. Ó ní, "Lójoojúmọ́. Ó ti rẹ̀ mí, Dádì."

Mo dì í mú. Mò ń sọ pé mo wà níbí, mo wà níbí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo mọ̀ pé mo ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nínú ilé kan náà, tí wíwà mi kò sì dí nǹkan kan lọ́nà.

Mo gbé e lọ sí ọsibítù. Nínú ọkọ̀, ó fi orí ti wíńdò. Mo pe ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Kò bi mí ní nǹkan púpọ̀, ó ní òun ń bọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan yọ okùn bàtà ọmọ mi, ó yọ okùn ọrùn súwẹ́tà rẹ̀, kó má bàa fi wọ́n pa ara rẹ̀ lára, ó kó wọn sínú ọ̀rá. Mo ti yọ irú okùn bẹ́ẹ̀ lára ọmọ ọlọ́mọ rí. Mo mọ ohun tó kàn kí wọ́n tó ṣe é, kò sì sí ọ̀kankan tí wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó. Ìyá rẹ̀ dé tòun taṣọ iṣẹ́, ó jókòó tì mí, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá mi.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé kan tó jìnnà sí wa. Wọ́n ń fún wa láàyè díẹ̀ láti rí i. A máa ń jókòó yí tábìlì ká, ìyá rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò, èmi á máa wo ọwọ́ ọmọ náà. Lọ́jọ́ kan, ó bi wá bóyá inú ń bí wa sí òun. Ìyá rẹ̀ ní rárá, ó sì bú sẹ́kún. Ọmọ tí a wá wò ló wá ń rẹ ìyá rẹ̀ lẹ́kún.

Ó ti padà wálé báyìí. Wọ́n yí oògùn rẹ̀ padà. Ó ń lọ sílé ìwé lọ́jọ́ tó bá lè lọ. Àwọn ará ìjọ wa ń kí wa kú oríire, wọ́n ní Ọlọ́run ti ṣe é. À ń ṣe àmín, a ò sì mọ bí a ṣe máa sọ fún wọn pé kò tíì parí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rẹ́rìn-ín lórí fóònù, èmi àti ìyá rẹ̀ sì dá ọwọ́ dúró ní kíṣìnnì, à ń tẹ́tí sí i.

Láàárọ̀ òní, kò dìde. Mo kan ilẹ̀kùn, ó ní òun wà, òun ò kàn lè dìde ni. Mo pe ibi iṣẹ́ pé mi ò ní lè wá. Ìyá rẹ̀ gbé ògì gbígbóná wọlé fún un, ó jáde. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ tí ṣíbí ń kan abọ́.