Oṣù mẹ́ta tí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fìdí rẹmi nílé àna

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi lónìí, ẹ má sì tíì dá mi lẹ́jọ́ títí tí màá fi sọ ọ́ tán. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ eré kan. Kì í ṣe torí kí n lè borí o. Torí kí n lè máa fìdí rẹmi bó ṣe yẹ ni.

Ràṣídì lorúkọ mi. Aṣọ ọkùnrin ni mo ń rán ní Bẹ́yẹrúnkà, nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tó ń ta káàdì. Wọ́ọ̀tì tí gbogbo wa ń ta ní kékeré, òun gan-an ò yé mi tán.

Ṣòkòtò ló mú mi mọ Fúnmi. Tíṣà ni, Òkè Bọ́lá nilé wọn. Ó kó ṣòkòtò mẹ́fà wá pé kí n bá òun dín ìbàdí wọn kù, pé ti bàbá òun ni. Mo wọn èyí àkọ́kọ́, mo wo nọ́ńbà tó kọ sínú bébà, mo ní ṣé ó dá a lójú pé ẹni kan náà ló ni ṣòkòtò àti nọ́ńbà yìí. Ó ní ẹni kan náà ni. Ó ní láti ìgbà tí màmá òun ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn ni bàbá ti ń rù.

Bí a ṣe mọra nìyẹn. Nígbà tó yá, a ti gbà pé a máa fẹ́ ara wa. Ó wá ku bàbá.

Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá Fúnmi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n. Ọjọ́ tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ohun tí mo ń retí ni pé wọ́n á bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, torí agboolé mùsùlùmí ni mo ti jáde. Wọn ò bi mí. Wọ́n kàn ní àwọn máa wò ó ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ tọrọ ọmọ rí, ṣé ẹ mọ ohun tí “àwọn máa wò ó ná” túmọ̀ sí? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó dà bí ìgbà tí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, tó ní kí o má tíì gé e, kí o má sì dá a padà fún òun.

Fúnmi ní ohun kan wà tí ó yẹ kí n mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Kánádà fi eré káàdì kan ránṣẹ́ sí bàbá lẹ́yìn ìsìnkú màmá wọn, kí wọ́n lè máa fi dára yá. Eré ẹni méjì ni. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ó ju agbára àwọn lọ. Ọkùnrin méjì ló sì ti wá tọrọ òun Fúnmi ṣáájú mi. Bàbá bá wọn ta á ní Sátidé mẹ́ta-mẹ́ta, wọn ò padà wá mọ́.

Mo ní eré lásán? Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́, mo kírun àlàásárì tán, mo gba Òkè Bọ́lá lọ. Bàbá ti tẹ́ káàdì sórí tábìlì. Wọ́n ní ọjọ́ iwájú ni eré náà dá lé lórí, nígbà tí ọmọ aráyé bá ti kún ayé yìí tán, tí a wá ń fi ọkọ̀ wá ayé mìíràn kiri láàárín àwọn ìràwọ̀. Káàdì kọ̀ọ̀kan, ayé kan ni. Ọ̀kan jẹ́ kìkì omi. Ọ̀kan jẹ́ kìkì yìnyín. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ti lé àwọn tó ṣe wọ́n jáde. Bàbá ń sọ gbogbo èyí bí ẹni tó ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì láàárọ̀.

Iṣẹ́ rẹ ni pé kí o máa to àwọn ayé wọ̀nyí síwájú rẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí o bá kọ́kọ́ tò á máa ran èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Ẹni tó bá to ìkejìlá ló parí eré, a ó wá ka máàkì. Máàkì ni bàbá ń pè é. Káàdì ọwọ́ rẹ náà lo máa fi ra káàdì: bí ayé kan bá gba mẹ́rin, wàá da mẹ́rin mìíràn nù kí o tó lè tò ó. Bí o kò bá sì fẹ́ to nǹkan kan, òfin gbà ọ́ láyè kí o mú káàdì kan kún ọwọ́ rẹ, tàbí kí o da ẹyọ kan nù, kí o mú tuntun.

Ibi dída nǹkan nù yìí ni mo ti kọsẹ̀. Télọ̀ ni mí. Télọ̀ kì í da àjákù aṣọ nù, torí kò mọ èyí tí yóò fi ṣe àpò lọ́la. Mo di káàdì mọ́wọ́ títí ó fi di mẹ́rìnlá. Bàbá to ayé méjìlá, èmi to mẹ́ta. Máàkì tiwọn jẹ́ mọ́kànlélógójì, tèmi jẹ́ márùn-ún.

Bàbá wo máàkì mi. Wọ́n na ìwé òfin eré náà sí mi, wọ́n ní kí n lọ ka ojú ewé kìíní sí ìkẹjọ kí n tó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Wọ́n fún mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá.

Mo ṣe é. Mo fi àlùmọ́gàjí gé páálí tí mo fi ń ya pátánì, mo kọ orúkọ àwọn ayé sí i lára, mo ń bá ara mi ta á lórí tábìlì ìgéṣọ. Oníbàárà kan wọlé, ó ní kí ló dá agbádá òun dúró. Mo ní ayé oníyìnyín ni. Ó wò mí díẹ̀, ó ní òun á padà wá ní Ọjọ́rú.

Màmá mi, tí wọ́n máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, bi mí pé kí ni mo ń ṣe gan-an. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní kí n gbọ́ dáadáa: ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ èèyàn kì í tún gbé onítọ̀hún ṣánlẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá fi lè borí àna mi nínú ilé rẹ̀, kí n má wá sunkún bá àwọn pé wọn ò fún mi níyàwó.

Ó bọ́gbọ́n mu, àbí kò bọ́gbọ́n mu? Mo gbà. Nígbà yẹn, kò tiẹ̀ jọ pé mo lè borí ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, eré náà ti wọ̀ mí lára. Mo ti mọ ayé tó yẹ kí n kọ́kọ́ tò, mo ti mọ èyí tí mo lè dà nù láìbojúwẹ̀yìn. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo wo iwájú mi, mo wo iwájú bàbá, mo ṣírò rẹ̀, àyà mi já. Mo ti fẹ́ borí.

Kíá ni mo da ayé tó dára jù lọ́wọ́ mi nù. Mo fi máàkì mẹ́ta pàdánù. Mo mí kanlẹ̀.

Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Bí mo bá pàdánù jù, bàbá á ní olódo ni mí, ta ló sì fẹ́ fọmọ fún olódo? Bí mo bá pàdánù díẹ̀ jù, mo lè ṣèèṣì borí. Mo wá fi í sí mẹ́rin. Máàkì mẹ́rin ni mo fẹ́ máa fi pàdánù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń wọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń wọn ọrùn aṣọ.

Ohun tó wá ń rú mi lójú ni pé kò bọ́ sí mẹ́rin. Mo wọn mẹ́rin, ó já sí ẹyọ kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọn mẹ́jọ, mo fi méjì borí! Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá ní kí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, wọ́n ní mo káre. Mo délé, mi ò lè jẹun. Fúnmi pè mí lórí fóònù, ó ní ṣé bàbá sọ nǹkan kan. Mo ní wọ́n ní àwọn ṣì ń wò ó.

Oṣù kẹta ti ń parí lọ. Àwọn ẹbí mi ń bi mí pé ìgbà wo làwọn máa lọ mọ àwọn àna. Fúnmi pàápàá ò béèrè mọ́, ó kàn ń sọ̀rọ̀ nǹkan mìíràn. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo ti ń rò ó pé bóyá èmi ló máa di ẹnì kẹta tí kò padà wá.

Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti pinnu kí n tó kúrò nílé pé mi ò ní to ìkejìlá, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Kí bàbá fúnra wọn parí eré wọn. Mo to mọ́kànlá, mo dúró. Bàbá to mọ́kànlá, àwọn náà dúró.

Mo da káàdì kan nù, mo mú tuntun. Bàbá da káàdì kan nù, wọ́n mú tuntun, wọ́n wò ó títí bí ẹni ń ka lẹ́tà, nígbà tó tún kàn wọ́n, wọ́n da òun náà nù. Mo ní ọwọ́ yín ló kù, sà. Wọ́n ní kí n má kánjú, kí n ronú dáadáa. Káàdì tí a fẹ́ máa mú tán. A kó èyí tí a ti dà nù jọ, a pò ó pọ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á nù. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé. Mo tọrọ àyè láti kírun màgàríbà, bàbá fúnra wọn ló tẹ́ ẹní fún mi ní pálọ̀. Mo kí i tán, mo padà sídìí tábìlì. Mọ́kànlá ni tèmi, mọ́kànlá ni tiwọn.

Fúnmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ kọjá, ó wo káàdì ọwọ́ wọn. Ó gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó wo tèmi. Ó padà lọ jókòó.

“Dádì,” ó ní, “ayé mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ yín tí ẹ lè tò báyìí kí ẹ sì borí. Ràṣídì, méjì wà lọ́wọ́ tìẹ náà. Ó ti lé ní wákàtí méjì. Kí lẹ̀ ń retí?”

Mo kó káàdì ọwọ́ mi lé orí tábìlì.

Bàbá bọ́ awò ojú wọn. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bi. Ẹni tó ti lo ayé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń máàkì ìwé, irọ́ wo lèèyàn fẹ́ pa fún un? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sọ gbogbo ohun tí màmá mi wí, mo sọ ti máàkì mẹ́rin. Mo ní ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù.

Mo rò pé wọ́n á lé mi jáde ni. Bàbá ní kí n dìde. Wọ́n ní àwọn náà ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù.

Wọ́n ní àwọn ọkùnrin méjì tó ṣáájú mi, àwọn nà wọ́n bí ẹni na ọmọ ilé ìwé, ìyẹn ni wọn ò fi padà wá. Nígbà tí bàbá wá rí i pé mo ti mọ eré náà, tí mo sì ń pàdánù síbẹ̀, ẹ̀rù bà wọ́n pé yóò sú mi. Ni àwọn náà bá ń da ayé dáadáa nù, kí n lè rí nǹkan borí.

“Ràṣídì,” wọ́n ní, “láti ìgbà tí ìyá Fúnmi ti lọ, kò sẹ́ni tó tún jókòó kojú mi fún wákàtí méjì. Àwọn èèyàn ń wá. Wọ́n á kí mi, wọ́n á ní kí Ọlọ́run tù mí nínú, wọ́n á lọ. Ìwọ nìkan lo ń jókòó. Bí mo bá ti ní kí o máa mú Fúnmi lọ, kí lo tún fẹ́ wá ṣe níbí ní Sátidé?”

Ṣé ẹ rí nǹkan? Gbogbo ìgbà tí mo fi ń rò pé wọn ò fẹ́ mi, wọn ò fẹ́ kí n lọ ni.

Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́. Fúnmi ti tẹ orí sínú ìwé àwọn ọmọ, kò sì máàkì nǹkan kan. Mo kó káàdì jọ, mo pò ó pọ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká ta á tọkàntọkàn lẹ́ẹ̀kan péré.

A ta á. Mo fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ sí i, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Máàkì mọ́kàndínlógún ni bàbá fi nà mí, kò sì pẹ́ rárá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fúnmi ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn nílé àwọn láti ìgbà tí màmá òun ti kú. Èmi tí mo ti ń rò pé mò ń ṣàánú àgbàlagbà.

Mo ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí bàbá pè mí. Wọ́n ní kí n sọ fáwọn ẹbí mi kí wọ́n máa bọ̀ ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn. Mo dúpẹ́, mo dọ̀bálẹ̀. Mo wá ní ṣé Sátidé ò ní dáa jù, torí Sátidé lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi irú rẹ̀ sí. Bàbá wò mí bí ẹni wo olódo.

“Sátidé báwo? Ṣebí à ń ta káàdì ní Sátidé.”

A ti ṣe ìgbéyàwó. Mo ṣì ń lọ, mi ò sì tíì borí láti ìgbà tí a ti ń ta á tọkàntọkàn.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀ ni pé àpọ́nlé dára, a ò ní torí èyí pa á tì. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ohun tí èèyàn ń fi bojú, ẹni méjì lè jókòó kojú ara wọn fún oṣù mẹ́ta láì rí ara wọn. Màmá mi ò gbà pẹ̀lú mi o. Wọ́n ní ṣebí mo pàdánù, ṣebí wọ́n fún mi níyàwó, kí ni mo tún ń ṣàròyé sí?

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ̀ ń gbà fún nítorí àpọ́nlé, bóyá bàbá yín ni, bóyá ìyá ọkọ, tí ẹ ò sì tíì sọ fún un rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni náà lójú dáadáa. Ó lè jẹ́ pé òun náà ń gbà fún yín.