Akunlé Tó Bá Oorun Ṣọ̀tá

Ẹ nasẹ̀, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó má tijú, kó máa sùn lọ, nítorí ọ̀rọ̀ oorun gan-an la fẹ́ sọ.

Akunlé kan wà, ọkùnrin tó ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ẹyẹ Òkè. Kì í ṣe ilé kúkúrú ló ń kùn o. Àwọn ilé gogoro tó jẹ́ pé bí èèyàn bá gbójú sókè wò wọ́n, fìlà á ṣí bọ́ lórí rẹ̀, àwọn ni tirẹ̀. Wọ́n á fi wáyà so pẹpẹ gbọọrọ kan kọ́ láti orí òrùlé, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ á dúró lé e tàwọn ti garawa ọ̀dà, wọ́n á máa kun ògiri bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣe é. Ó ní láti òkè lòun ti ń rí aṣọ tí wọ́n sá káàkiri ẹ̀yìnkùlé, tòun ti ológbò tó ń jí ẹran inú ìkòkò ọbẹ̀, tòun ti òjò tó ń bọ̀ kí àwọn ará ilẹ̀ tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí ó tín-ín-rín bí ẹyọ ọwọ̀. Àwọn méjèèjì kì í fẹ́ bá ẹlòmíràn gòkè.

Àfi ìgbà tí pẹpẹ tuntun dé. Ìwé bá a wá, ìwé ọ̀hún ní ẹnikẹ́ni tó bá máa gùn ún, tòun ti bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ohun tó wà lápò rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ. Ni ọ̀gá bá pàṣẹ pé láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, kí àwọn agòkè máa gun ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹrù lẹ́nu yàrá ìkẹ́rùsí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gùn ún, ọwọ́ ìwọ̀n ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹyẹ Òkè gùn ún, ọwọ́ ìwọ̀n sáré fììì, ó di ọgọ́rùn-ún àti mẹ́rin.

"Yéè! Ẹyẹ yìí ti sanra ju ìyẹ́ rẹ̀ lọ!" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, àgbà iṣẹ́. Èmi kọ́ ni mo kọ ìwé. Ilẹ̀ lẹ ó ti máa po ọ̀dà fún wọn ná. Mo fún yín ní Mọ́ńdè mẹ́jọ. Tí ẹ ò bá tíì wọlé sábẹ́ ọgọ́rùn-ún títí dìgbà náà, mo máa wá ẹlòmíràn pátápátá fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Ẹyẹ di ará ilẹ̀. Ó ń po ọ̀dà, ó ń gbójú sókè, ọrùn ń dùn ún.

Nígbà tó délé, ó jókòó, ó ronú. Oúnjẹ, òun á gé e sí ìdajì. Ìyẹn ò ṣòro. Ṣùgbọ́n ta ló sọ òun di báyìí? Ó rántí bàbá rẹ̀ tó ti lọ. Ọlọ́dẹ alẹ́ ni bàbá náà, ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣọ́ ilé olówó, kò fojú kan oorun lóru, ó sì gbẹ bí igi ìdáná. Ó tún rántí olùtọ́jú yàrá ìkẹ́rùsí níbi iṣẹ́, ẹni tó ń sùn fọnfọn lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, tí ikùn rẹ̀ máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ẹyẹ pa méjèèjì pọ̀, ó lu itan rẹ̀ pá. "Oorun ni! Oorun ló ń kó ọ̀rá sí mi lára!"

Láti ọjọ́ náà ló ti bá oorun ṣọ̀tá. Wákàtí mẹ́ta péré ló ń fún un. Bí ìyàwó rẹ̀, alágbàfọ̀ tí iṣẹ́ ọ̀sán ti tán lókun, bá ti sùn lọ, ọkọ á yọ́ dìde. Á yí pálọ̀ ká, á tún un yí, á fọ abọ́ tí wọ́n ti fọ̀, á bu omi sójú. Nígbà tó bá di aago méjì, ebi kan á dé. Ẹ ò mọ irú ebi yẹn àfi tí ẹ bá ti ṣàìsùn rí. Ebi ọ̀sán ṣeé bẹ̀. Ti òru yìí, okùn ló mú dání wá. Kò fẹ́ ẹ̀fọ́, kò fẹ́ ẹ̀pà. Ohun tó rọ̀ tó sì dùn ló ń bèèrè. Búrẹ́dì sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyìí. Ó mú ìkejì kí ìkíní má baà dá wà nínú ikùn. Ó wọ́n ṣúgà sí ìkẹta. Kí ó tó mọ̀, ìdajì búrẹ́dì ti wọlẹ̀. Bó bá di àárọ̀, á ti abọ́ sẹ́yìn, á ní, "Ó tó mi, ìyá wọn." Ìyàwó á máa wò ó tìyanu-tìyanu. Òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé òun ò jẹun. Búrẹ́dì òru kò sí nínú ohun tó ń kà, ẹnikẹ́ni ò ṣáà rí i.

Ní Mọ́ńdè kẹta, ìwọ̀n ní ọgọ́rùn-ún àti márùn-ún. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti fi ṣe orin:

"Ta ló wúwo jù?"
"Ẹyẹ ni!"
"Ta ló kù sílẹ̀?"
"Ẹyẹ ni!"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò bá wọn dá a. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀rẹ́, jọ̀ọ́, tètè jò. Ẹni tí wọ́n fún mi yìí, bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ báyìí, ńṣe ló ń dì mọ́ mi bí ìyàwó tuntun. Ìwọ náà, kí ló ṣe ojú rẹ tó pọ́n báyìí?"

"Iṣẹ́ ni," ni Ẹyẹ fèsì, ó sì yán títí etí rẹ̀ fi dún.

Nílé, ìyàwó ti ṣàkíyèsí pé búrẹ́dì ń rìn. Àwọn méjì péré ló wà nílé, àwọn ọmọ ti lọ sílé ọkọ àti ibi iṣẹ́ wọn. Òun ò jẹ ẹ́. Ọkọ òun, ẹni tí kì í jẹun mọ́? Kí ló tún kù, eku ni! Ó ra pàkúté, ó dẹ ẹ́ sẹ́yìn búrẹ́dì, kò sì sọ fún ọkọ, kò fẹ́ da ọkàn rẹ̀ láàmú.

Ní aago méjì ku díẹ̀, ohun kan dún pá! nínú ilé ìdáná. Igbe tó tẹ̀ lé e kì í ṣe igbe eku. Ìyàwó fò dìde, ó gbé ìgbálẹ̀, ó tan iná. Ọkọ rẹ̀ rèé, búrẹ́dì lẹ́nu, ìka lẹ́nu pàkúté.

"Bàbá wọn! Ẹ̀yin ni?"

"Tú mi sílẹ̀ ná!"

"Ẹ jẹ́ n wò ó dáadáa." Ó ti gbá ikùn mú, ẹ̀rín ti ń pa á. "Eku ilé mi mà ti dàgbà o! Eku ilé mi ti ń wọ ṣòkòtò!"

Nígbà tó tú u tán, ọkọ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ibi tí ìyàwó ti gbọ́ wákàtí mẹ́ta ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Tí ẹ bá sì sùn lórí pẹpẹ yẹn lókè ńkọ́?"

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ìka. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, tí awò ojú rẹ̀ wà ní góńgó imú, ń di ìka náà lọ́wọ́, nígbà tó gbójú sókè, aláìsàn ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì.

"Bàbá! Ẹ jí o. Wákàtí mélòó lẹ̀ ń sùn?"

"Mẹ́ta. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni, mà. Mo fẹ́ jò ni."

Nọ́ọ̀sì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ara tí kò sùn, ó rò pé ogun wọ̀lú ni. Ó máa ké sí ebi, ó máa ké sí ohun dídùn, ó sì máa di ọ̀rá mú bí ẹni tó ń fi oúnjẹ pa mọ́ de ìyàn. Ẹ ò lókun láti rìn, ẹ ò ní làákàyè láti sọ pé ó tó. Oorun nìkan ò ní kó yín jò o, ẹ ó ṣì máa wọn oúnjẹ yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá sùn, ńṣe lẹ kàn ń fi ajẹ̀rẹ̀ pọnmi. Ta ló kọ́ yín nírú èyí?"

"Bàbá mi ni. Ọlọ́dẹ alẹ́ ni. Kì í sùn, kò sì sanra rí."

"Lọ́sàn-án ńkọ́? Kí ni wọ́n máa ń ṣe lọ́sàn-án?"

Ẹyẹ ronú padà sí ìgbà èwe rẹ̀. Aṣọ dúdú nípọn kan ló rí, èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń ta sójú fèrèsé láàárọ̀. Ó rí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, tí ìyá ń lé adìyẹ kúrò lẹ́bàá ògiri: "Ẹ ṣe jẹ́jẹ́, bàbá yín ń sùn." Láti àárọ̀ títí oòrùn fi máa yẹ̀rí.

"Wọ́n máa ń sùn," ló sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Oorun wọn ń pé, mà."

"Ẹ lọ sùn tiyín náà kó pé."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mú aṣọ aláwọ̀ aró kan, èyí tí oníbàárà kan gbàgbé sọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ó ta á sójú fèrèsé yàrá. Ó fi àgádágodo ńlá, irú tí wọ́n fi ń ti géètì, ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn. Aago mẹ́sàn-án, ó ní kí ọkọ dùbúlẹ̀.

Oorun ò kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ẹni tí èèyàn ti ń fi omi lé lójú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í wọlé wẹ́rẹ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, Ẹyẹ ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin ló tó wọlé, ó sì wọlé tòun ti ẹrù rẹ̀. Ẹyẹ sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó jí, nǹkan kan ṣe é ní kàyééfì: ebi ò pariwo. Ó jẹun níwọ̀n, ó fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti dé.

Mọ́ńdè kẹrin, ọgọ́rùn-ún àti mẹ́rin. Ìkarùn-ún, ó dín sí i. Ìkẹfà, ìwọ̀n ò kúrò lójú kan, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ ọ̀rọ̀ àìsùn.

"Ẹ gbàgbé ìwọ̀n," ni ìyàwó wí, "ibùsùn rèé."

Ìkeje, ọgọ́rùn-ún àti ẹyọ kan. Àwọn tó ń kọrin ti ku méjì, ohùn ọ̀kan sì ti ha.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè kẹjọ, ìyàwó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi àgádágodo lé ọkọ lọ́wọ́. "Ẹ mú un fún olùtọ́jú yàrá ìkẹ́rùsí yín tó ń fi okùn so ilẹ̀kùn. Eku ilé wa ti ń sùn." Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó jù ú sápò.

Gbogbo wọn yí ìwọ̀n ká. Ẹyẹ gùn ún. Ọwọ́ ìwọ̀n gòkè, ó gbọ̀n, ó dúró. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ọgọ́rùn-ún àti ààbọ̀ kílò."

"Ààbọ̀!" ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ké. "Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ mọ́ tèmi, àyè ṣì pọ̀ lára mi!"

"Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹyẹ ò jiyàn. Ó yíjú padà láti sọ̀kalẹ̀, ohun kan sì gbá a nítan. Ó dúró gbagidi. Ó ki ọwọ́ bàpò, ó fa àgádágodo yọ.

Ọ̀gá wò ó. "Kí lẹ̀ ń fi ìyẹn ṣe?"

"Ti búrẹ́dì ni, ọ̀gá."

Ọ̀rọ̀ náà ò yé ẹnikẹ́ni. Ẹyẹ gbé e lé Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ ìwọ̀n sún sẹ́yìn, díẹ̀ sí i, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ̀lẹ́ sábẹ́ ọgọ́rùn-ún.

Ó di ọ̀sán, àwọn méjèèjì ti wà ní àjà kẹfà, atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn léjìká. Ẹyẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì dúró, ó ń wo ọ̀ọ́kán. Láàárín gbogbo òrùlé yẹn, fèrèsé kan wà tí aṣọ aláwọ̀ aró bò.

"Kí lò ń wò?" ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bi í.

"Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ jù lóṣù méjì yìí ni."

"Ilé wo lo kùn níbẹ̀?"

"N ò kun ilé kankan," ni Ẹyẹ Òkè dáhùn, ó sì ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. "Mo sùn ni."