Àwọn Lẹ́tà tí Yẹ̀kínì Fín Sára Igbá

Yẹ̀kínì afínigbá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó mọ A yàtọ̀ sí B. Ilé ìwé àgbàlagbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́ ní Bẹẹrẹ ló ti kọ́ ọ, lẹ́yìn tó bá ti palẹ̀ igbá rẹ̀ mọ́ ní Ọjà'ba. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ akẹ́rù láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún òun àti Èjìdé ìyàwó rẹ̀, Kúlúsúmù, ọmọ ọdún mẹ́rin. Yẹ̀kínì pinnu pé èyí kò ní dàgbà kó tó mọ̀wé bíi tòun. Ìjọba ti sọ ilé ìwé di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń gbà, Yẹ̀kínì kò sì lè dúró. Kò mọ bí tíṣà ṣe ń kọ́ ọmọdé. Eré ló mọ̀.

Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, á fi ẹfun kọ lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní, "B dà?" Kúlúsúmù á fò, á bà lé B. Èyí tí ọmọ náà fẹ́ràn jù ni eré ẹ̀wà. Bàbá á kọ E, á ní ebi ń pa á. Ọmọ á mú hóró ẹ̀wà kan, á fi sábẹ́ rẹ̀.

"Ó ti jẹun?"

"Ó ti jẹun."

"Kí ló wá dà?"

"Ó di Ẹ."

O náà á jẹ tirẹ̀, á di Ọ. S á jẹ, á di Ṣ. Lọ́jọ́ kan, àánú K ṣe Kúlúsúmù, ó fún òun náà lẹ́wà. Bàbá ní K kì í jẹ̀wà. Ọmọ bú sẹ́kún, ó ní kí ni K ṣe tí wọn kò fi fún un lóúnjẹ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1957, èèyi wọ agboolé wọn ní Oníyanrìn. Ọmọ mẹ́ta kú. Ara Kúlúsúmù gbóná, nǹkan wínníwínní sú bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì lè lajú sí ìmọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ilé ní kí wọ́n má gbé e jáde, pé bí ara bá ti rọ̀ ọ́, ojú á là. Yẹ̀kínì gbà. Nígbà tí ara rọ̀ ọ́, ẹyin ojú méjèèjì ti funfun. Dókítà tí wọ́n gbé e lọ bá wò ó títí, ó ní, "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó gbé e wá."

Odindi oṣù mẹ́ta ni Yẹ̀kínì kò fi bá ọmọ náà ṣeré. Kúlúsúmù ló bi í léèrè: "Bàbá, ṣé E ò jẹun mọ́ ni?"

Yẹ̀kínì mú àfọ́kù igbá kan, ó fi ọ̀bẹ fín E sí i, ó fín in jinlẹ̀ kí ìka ọmọdé lè bọ́ sínú rẹ̀. Ó dá ihò kékeré sábẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀wà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti fín mẹ́sàn-án. Ó ń fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ ẹní àti sínú àpò bùbá rẹ̀, ọmọ á wá wọn rí, á fọwọ́ pa wọ́n, á pè wọ́n lórúkọ. Ọdún kò tíì yí po tó fi ń to orúkọ ara rẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1959, Yẹ̀kínì mú un lọ sílé ìwé kan nísàlẹ̀ Mápó. Ọ̀gá tíṣà ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé, kọ́kọ́ ní kí ọmọ náà gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì, bí wọ́n ti ń fi wádìí ọjọ́ orí. Ọwọ́ rẹ̀ kàn án. Ìgbà náà ló wá wo ojú rẹ̀.

Kó tó sọ̀rọ̀, Yẹ̀kínì da àwọn igbá sórí tábìlì. Kúlúsúmù mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pè wọ́n, kò ṣi ọ̀kankan pè.

"Bàbá, ọmọ yín gbọ́n ju ọ̀pọ̀ àwọn tí mo kọ orúkọ wọn láàárọ̀ yìí lọ," ni ọ̀gá tíṣà wí. "Ṣùgbọ́n kí ni n ó fi kọ́ ọ? Ara pátákó là ń kọ̀wé sí, inú ìwé ni wọ́n ti ń kà á."

"Ohun tí ẹ bá kọ lójúmọ́, sà, mà á bá a fín in."

"Gbogbo ìwé?"

Yẹ̀kínì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn igbá náà jọ.

"Wọ́n ní ilé ìwé àwọn tí kò ríran wà níbì kan," ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé wí. "N kò mọ ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ má bínú."

Nígbà tí wọ́n dé Oríta-mẹ́rin, ọmọ náà bi í léèrè.

"Bàbá, ìwé mélòó ni wọ́n fi igbá ṣe?"

"Kò sí."

"Ẹyọ kan ńkọ́?"

"Kò sí, ọmọ mi."

Kúlúsúmù kò sunkún. Ì bá sunkún, ara ì bá tu bàbá rẹ̀ díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbọ́ tí igbá ń ró lọ́wọ́ bàbá, á ní oorun ń kun òun, tàbí pé ìyá òun ń pe òun. Yẹ̀kínì fún eré náà lórúkọ tuntun, ó fi àlọ́ kún un, ó ṣèlérí àkàrà. Ọmọ á kàn fọwọ́ kan méjì mẹ́ta nítorí rẹ̀, bí ẹni ń jẹ oúnjẹ tí kò wù ú kí inú olóúnjẹ má baà bàjẹ́. Nígbà tó yá, Yẹ̀kínì fi eré náà sílẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni báyìí. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń jókòó sí, tí ń fi ewé èèpín ha igbá títí á fi dán. Àwọn ará àdúgbò a máa mú ìwé tí ẹbí wọn kọ ránṣẹ́ láti Kùmásí wá kí Yẹ̀kínì bá wọn kà á. Ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ọwọ́ Kúlúsúmù á dúró sójú kan lórí igbá, kò ní mira títí òun á fi kà á tán. Ni Yẹ̀kínì bá ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n lọ bá ẹlòmíràn, pé ojú ń dun òun.

"Ṣé kí n wá oògùn ojú fún yín?" ni Èjìdé bi í.

Ó ní kó má ṣèyọnu. Ojú kankan kò dùn ún.