Hikmat àti Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Ní Ó Rẹ̀

Hikmat ò fẹ́ràn Dókítà Elijah, Dókítà Elijah náà ò sì fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi ìyẹn pamọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n jọ wà ní Aramọkọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí òjò àti ilẹ̀ oko kòkó. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú oko ní Ìlogbò àti Ìkòrò ló ń wọn òjò àti ọ̀rinrin ilẹ̀. Àmọ́ ohun tí àwọn ẹ̀rọ yẹn bá kọ sílẹ̀, èèyàn ò lè kà á bẹ́ẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kan ló ń sọ ọ́ di ohun tí àwọn onímọ̀ níbòmíì lè lò. Dókítà ló kọ ètò náà, Hikmat ló ń lò ó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ìyà sì lètò ọ̀hún. Bó bá ti ka fáìlì lọ díẹ̀, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀, á dákú, iṣẹ́ á dànù. Kí ni Dókítà wí sí i? Ó ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní ooru ló ń mú un. Ló bá lọ ra fáànù onídùúró tì í, ó sì ṣòfin pé lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà kó sinmi, bí ẹni tó toko dé. Tí wọ́n bá sì tún tàn án, lóòótọ́, á ṣiṣẹ́ dáadáa fúngbà díẹ̀. "Ṣé ẹ rí i báyìí?" ni Dókítà á wí, gbogbo ọ́fíìsì á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ń bí Hikmat nínú gan-an.

Àwọn tó ń fowó sí ìwádìí wá ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti gba gbogbo àkọsílẹ̀ òjò ọdún náà. Dókítà pe Hikmat síwájú gbogbo èèyàn.

"Bí iṣẹ́ yìí ò bá parí, ìwọ lo fà á. Ìlòkulò lò ń lò ó. Oṣù yìí ni ìwé iṣẹ́ rẹ máa tán, n ò sì ní buwọ́ lu òmíràn."

Iṣẹ́ yẹn ni Hikmat fi ń bọ́ ìyá rẹ̀ àti Amudalat ọmọ rẹ̀. Ọkọ ti bá tirẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá lé e níbẹ̀, kò mọ ibi tí oúnjẹ ilé á ti máa wá.

Ó gbé ìbínú tì, ó dojú kọ ètò. Ó mú fáìlì kan ṣoṣo, ó ń fi í bọ́ ọ léraléra. Fáìlì kan náà, èsì kan náà ló ń jáde, àmọ́ mẹ́mórì, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń di iṣẹ́ mú lọ́wọ́, ń kún sí i ṣáá. A jẹ́ pé kì í ṣe ooru. Nǹkan kan ń wọlé tí kì í jáde. Ó wá ń pa apá kọ̀ọ̀kan nínú ètò náà. Ó pa ibi tó ń kọ èsì, mẹ́mórì ṣì ń kún. Ó pa ibi tó ń ṣírò, ó ṣì ń kún. Nígbà tó pa igun kan tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí, kíkún náà dúró wáí.

Ẹ̀rù NẸ́PÀ ló wà ní igun yẹn. Dókítà ń bẹ̀rù kí iná má lọ nígbà tí ètò bá ń kọ èsì, ló bá ní kó máa ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì sínú mẹ́mórì, kó dì í mú de ọjọ́ tí iná bá ṣe bíi tirẹ̀. Kò wá sọ níbì kankan pé kó jù ú sílẹ̀. Ẹ gbà mí, tíná bá lọ, ṣé mẹ́mórì ò ní bá a lọ ni? Ó ń sá fún òjò, ó kó sódò. Gbogbo ìsinmi tí wọ́n ń fún kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà yẹn ló ń dà nù nígbà tí wọ́n bá pa á.

Hikmat fi ìlà kan ṣoṣo kún un: bí èsì bá ti délẹ̀ láyọ̀, ju ẹ̀dà sílẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́jọ́bọ̀, iṣẹ́ parí. Àmọ́ Dókítà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bá kọ̀ǹpútà ní títàn.

"Ta ló ní kí o má pa á?"

"Mo ti rí ohun tó ń ṣe é, sà. Àwọn ẹ̀dà tí ẹ ní kó máa kó pa mọ́ ni."

Ojú gbogbo èèyàn ló ti sọ ọ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

"Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà," ni Dókítà wí, "kò lè ní àkísà bí àgbà. Tí oṣù bá parí, kí n má rí ẹ níbí."

Òótọ́ lòwe rẹ̀ o. Àkísà rẹ̀ ló kún inú kọ̀ǹpútà tí kò fi lè mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn àlejò gba iṣẹ́, wọ́n yin Dókítà, ó rẹ́rìn-ín. Hikmat ni wọ́n rán lọ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Màmá Hannah, tó ti ń ṣe akọ̀wé níbẹ̀ tipẹ́, fà á sí kọ̀rọ̀. "Ìyá Amudalat, jẹ́ ká lọ bẹ Dókítà."

"Kí ni mo ṣe, Màmá?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ṣé ẹni tó ṣẹ̀ nìkan ní í bẹ̀bẹ̀ nílùú yìí? O já àgbà nírọ́ lójú èèyàn. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú rẹ̀ ṣe. Tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ó lọ bá a ní ulé."

"N ò lọ."

"Ìbínú ni Amudalat máa jẹ?"

Wọ́n lọ. Hikmat kúnlẹ̀ lórí táìsì pálọ̀, Màmá Hannah ń sọ pé ọmọdé ni, kò mọ̀. Dókítà jẹ́ kó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ dáadáa.

"Kí lo ṣe?" ló bi í.

"Mo fọwọ́ kan iṣẹ́ yín láìgbàṣẹ, sà."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Hikmat wolẹ̀. Ó kórìíra rẹ̀ dé mùdùnmúdùn eegun. "Mo bà á jẹ́, sà."

"Dìde. Mo ti dárí jì ẹ́. Wá gba ìwé iṣẹ́ rẹ lọ́la." Dókítà yí ojú sí fèrèsé. "Ìlà tí o kọ síbẹ̀ yẹn, má yọ ọ́."